Ikọ̀ Alpine: Ta Gan-an Ni Ọ̀gá Nílé Yìí?

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2022, Alpine, ìyẹn ikọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Renault ti ilẹ̀ Faransé fi ń kópa nínú ìdíje mọ́tò Formula 1, gbé ìkéde jáde. Wọ́n ní ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà kan, Oscar Piastri, ni yóò máa wakọ̀ fún àwọn lọ́dún 2023. Ọjọ́ náà kò tíì parí tí ọmọ ọdún 21 náà fi bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun kò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan fún ọdún náà, òun kò sì ní í wakọ̀ fún wọn.

Ó dà bí ìgbà tí ìdílé kan ti pín ìwé ìpè ìgbéyàwó káàkiri ìlú, tí ìyàwó wá jáde síta pé ta ló bá òun sọ ọ́?

Ní ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ni Fernando Alonso, àgbà awakọ̀ wọn tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, ti kéde pé òun ń lọ sí ikọ̀ Aston Martin. Otmar Szafnauer tó jẹ́ olórí ikọ̀ Alpine nígbà náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìgbà tí ìkéde náà jáde fún gbogbo ayé ni òun mọ̀ ọ́n dájú. Àgbà lọ, ọmọdé kọ̀ wọ́n, láàárín ọjọ́ méjì péré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Piastri dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé àdéhùn àwọn awakọ̀, wọ́n dá ẹjọ́ náà lóṣù kẹsàn-án pé ikọ̀ McLaren nìkan ló ní ìwé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ọkọ̀ Alpine ni kò sáré tó. Òótọ́ ni, kò sáré. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e.

Ilé náà kì í ṣe ilé òṣì rárá. Ibùdó méjì ni wọ́n ní: abúlé Enstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ara ọkọ̀, àti Viry-Châtillon lẹ́bàá ìlú Paris, níbi tí Renault ti ń ṣe ẹ́ńjìnì Formula 1 títí 2025 fi parí. Nígbà tí ikọ̀ Enstone ń jẹ́ Benetton ni Michael Schumacher gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1994 àti 1995. Nígbà tó di Renault, Alonso gba tirẹ̀ ní 2005 àti 2006. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́.

Ẹ wá wo bí àwọn olórí ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 tí Renault yí orúkọ ikọ̀ náà padà sí Alpine, Cyril Abiteboul tó ń darí rẹ̀ lọ. Wọn kò fi ẹnì kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Laurent Rossi ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Alpine lókè, Marcin Budkowski àti Davide Brivio sì pín iṣẹ́ ikọ̀ ṣe. Esteban Ocon bá wọn gba ipò kìíní ní Hungary lọ́dún náà, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ títí 2025 fi parí. Oṣù kìíní ọdún 2022, Budkowski lọ. Alain Prost, akọni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹrin, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, òun náà lọ. Wọ́n mú Szafnauer wá ní oṣù kejì, wọ́n sì ṣe ipò kẹrin lópin ọdún. Rossi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé láàárín 100 ìdíje, àwọn yóò dé òkè.

Sùúrù náà kò pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ní Miami, Rossi dúró níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ó ní iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn òun ń ṣe dà bí iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́n. Àbí ta ni ó ń bá wí gan-an? Ní oṣù keje, wọ́n mú òun náà kúrò. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ní Spa ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ọjọ́ Ẹtì tí ìdíje ku ọ̀la àti ọ̀tunla, wọ́n kéde pé Szafnauer ń lọ. Alan Permane, tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Enstone, bá a lọ. Àwọn méjèèjì ṣì ní láti parí iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú náà. Szafnauer ní òun àti àwọn tó wà lókè kò gbọ́ ara wọn yé lórí iye àkókò tí iṣẹ́ náà máa gbà. Ó ní èèyàn kò lè fún obìnrin mẹ́sàn-án lóyún kí ó máa retí ọmọ kan lẹ́yìn oṣù kan.

Àwa tí a máa ń wo bọ́ọ̀lù mọ ìwà yìí: ikọ̀ bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta, kóòṣì yóò lọ. Nínú bọ́ọ̀lù, ó máa ń bọ́ sí i nígbà mìíràn. Nínú eré mọ́tò, ó ṣòro, nítorí ọkọ̀ tí ẹ ń wò lónìí, ọdún tó kọjá ni wọ́n ti yà á sórí kọ̀ǹpútà. Ẹnjiníà tí wọ́n bá sì gbà láti ikọ̀ mìíràn sábà máa ń jókòó sílé fún oṣù púpọ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀, kó má baà gbé àṣírí ibi tó ti kúrò wá. Olórí tuntun kò ní í tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tí wọn yóò fi ní kó máa lọ.

Bruno Famin ló gba ipò náà lẹ́yìn Szafnauer. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n pe Flavio Briatore padà gẹ́gẹ́ bí agbani-nímọ̀ràn àgbà. Òun ló darí ikọ̀ náà nígbà Schumacher àti nígbà Alonso. Òun náà sì ni wọ́n lé kúrò nínú eré náà lọ́dún 2009, nítorí ìdíje Singapore ti 2008, níbi tí Nelson Piquet Kékeré ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ gbá ògiri kí ọ̀nà lè là fún Alonso. Ilé-ẹjọ́ kan ní Paris fagi lé ìjìyà náà lọ́dún 2010. Oliver Oakes rọ́pò Famin ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n kéde pé Jack Doohan, ọ̀dọ́ awakọ̀ tó ṣe ìdíje mẹ́fà péré lọ́dún náà, yóò fàyè sílẹ̀ fún Franco Colapinto. Colapinto kò rí máàkì kan ṣoṣo gbà títí ọdún fi parí.

Àwọn òṣìṣẹ́ Viry ló ṣe mí láàánú jù. Ọwọ́ wọn kọ́ ni ìjà àwọn ọ̀gá ti wá, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Renault kéde pé ẹ́ńjìnì Formula 1 kò ní í jáde níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 2025, wọn yóò máa ra ti Mercedes. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ mìíràn fún wọn. Kí ìkéde náà tó jáde, àwọn kan nínú wọn ti rìnrìn àjò dé Monza ní Ítálì lásìkò ìdíje, wọ́n jókòó láàárín òǹwòran láti fi ẹ̀hónú wọn hàn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Oṣù kan péré lẹ́yìn ìkéde yẹn, òjò ńlá rọ̀ ní São Paulo, Ocon ṣe ipò kejì, Pierre Gasly ṣe ìkẹta, ikọ̀ náà sì fò láti ipò kẹsàn-án sí ìkẹfà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn náà mọ iṣẹ́, mo ti sọ ọ́. Ocon ti múra àtilọ sí ikọ̀ Haas ṣáájú ọjọ́ yẹn.

McLaren tí Piastri sá lọ kò ju Alpine lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹ́ńjìnì Mercedes tí wọ́n rà ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n fi Andrea Stella ṣe olórí ní ìparí 2022, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ikọ̀ ní 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025. Piastri nìkan gba ipò kìíní nígbà méje lọ́dún 2025.

Alpine ṣe ipò kẹwàá lọ́dún kan náà, ipò ìkẹyìn, pẹ̀lú máàkì 22. Gasly ló gba gbogbo rẹ̀. Steve Nielsen, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní Enstone rí, ló ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, lábẹ́ Briatore. Ní oṣù yẹn náà ni Gasly tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò dúró tì wọ́n títí di ìparí 2028. Ọdún 2023 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ti bá Szafnauer, Famin, Oakes àti Briatore ṣiṣẹ́ ná.