Kí Àgbẹ̀ Tuntun Má Baà Padà Lẹ́yìn Oko

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ń sọ ilẹ̀ òkú di alààyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn kan máa ń bi wá pé: ṣé ó tọ́ kí a fi owó sàká ra ọkọ́ àti irúgbìn fún ọmọ òrukàn tí ó ti dàgbà, tí ó fẹ́ ṣe àgbẹ̀, dípò kí a ra ìrẹsì fún un? Ó tọ́, bí ó bá wà lára àwọn tí áyà 60 nínú Súrà At-Tawbah dárúkọ. Imam Nawawi, tí ó kú ní ọdún 1277, ṣàlàyé pé tálákà tí ó mọ iṣẹ́, ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a fún un. Ìrẹsì yóò tán, iṣẹ́ kò ní tán.

Ṣùgbọ́n ọkọ́ nìkan kò tó. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí á mọ̀.

Èkíní ni ebi. Ebi ni ó sábà máa ń lé àgbẹ̀ tuntun kúrò lóko, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀gẹ́ máa ń gbà tó oṣù 9 sí 12 kí a tó fà á tu, àgbàdo tútù tó oṣù 3. Ṣùgbọ́n ewédú àti tẹ̀tẹ̀ yóò ti ṣeé tà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Nítorí náà, kí ó gbin ẹ̀fọ́ mọ́ ẹ̀gẹ́, kí á sì fún un ní oúnjẹ títí ẹ̀fọ́ yóò fi jáde.

Èkejì ni ajílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ń yáwó ra ajílẹ̀ òyìnbó lọ́dọọdún, gbèsè ni yóò kórè. Kí ó to ewé gbígbẹ, koríko tútù àti ìgbẹ́ adìyẹ lé ara wọn, kí ó máa bu omi sí i, kí ó sì máa yí i padà. Láàárín oṣù 2 sí 3, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí erùpẹ̀. Kí ó má fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ohun ọ̀gbìn, nítorí yóò jó o. Kí ó máa gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà síbi tí àgbàdo wà lọ́dún tó kọjá, nítorí gbòǹgbò wọn ń fún ilẹ̀ lókun.

Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Godfrey Nzamujo dá oko Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985. Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wúlò kò ní ẹ̀yà. Níbẹ̀, ohun tí ẹ̀ka kan bá dà nù ni ẹ̀ka mìíràn ń lò: ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin inú ìdọ̀tí ń di oúnjẹ ẹja. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí kí wọ́n lè lọ dá oko tiwọn.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan ni ilẹ̀ tó ti gbó máa ń gbà kí ó tó sọjí. Bí onílẹ̀ bá gbà á padà lọ́dún kejì, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè òógùn náà. Súrà Al-Baqarah, áyà 282, kọ́ wa láti kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀, ó kéré tán fún ọdún 5.

Ẹ̀kẹrin ni ọjà. Ẹ̀fọ́ kì í dúró de oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé, ilé oúnjẹ, tàbí tí ẹ ń se wàlíímọ̀, ẹ bá àgbẹ̀ ìtòsí yín ṣàdéhùn kí ó tó gbìn.

Lọ́jọ́ kan, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, àgbàdo rẹ̀ yóò tó wásìkì 5, èyí tó tó bíi kílò 650. Yóò yọ ìdá 1 nínú 10 bí ó bá jẹ́ òjò ni ó rin ín, tàbí ìdá 1 nínú 20 bí ó bá ṣe wàhálà fa omi sí i. Ọwọ́ tó ń gba sàká yóò di ọwọ́ tó ń yọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa ní iṣẹ́ rere. Àmín.