Ṣé Yorùbá Ló Ń Fa Ọmọ Wa Sẹ́yìn ní Ilé-Ìwé?

  

Ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Òbí kan dìde, ó ní kí a sọ kíláàsì Yorùbá tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ ní Sátidé di lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ó ní ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá ń ṣe láti wọ àwọn sẹ́kọ́ńdírì tó lórúkọ kò béèrè Yorùbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan pòṣé. Alága ní kí olúkúlùkù lọ rò ó wá, kí a tún fi orí korí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Oníṣirò owó ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí n tó sọ pé èrè wà tàbí òfò. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí náà nìyẹn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ TÈMI

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Ọdún 2000 ni àkọ́bí wa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Yorùbá ni a ń sọ sí i nílé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ì tó nǹkan. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí tíṣà fi ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá rẹ̀. Obìnrin dáadáa ni, kò fojú di wá rárá. Ó ní ọmọ wa kì í sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, ó ní èdè méjì ló dà pọ̀ mọ́ ọn lójú, pé kí a jọ̀wọ́ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i nílé.

Àwa náà ní ẹ ṣeun, a ti gbọ́. Ta ni yóò bá tíṣà jiyàn? Ṣebí nígbà tí àwa gan-an wà ní sẹ́kọ́ńdírì nílé, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ “fànákúlà” sílẹ̀, ẹgba sì ni, tàbí owó ìtanràn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé Yorùbá ń dí ẹni lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti yí padà. Ìyá rẹ̀, tó máa ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì láàárọ̀ tó sì máa ń pa àlọ́ fún un lálẹ́, wá di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tì. Jẹun. Lọ sùn. Má ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó kù fún un láti bá ọmọ sọ kò ju ìyẹn lọ. Àlọ́ kò sí níbẹ̀, oríkì kò sí níbẹ̀.

Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa o. Ó ti jáde yunifásítì, ó ti ń ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́ pé ayé rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá pè wá lórí fóònù láti ilé, tó bá ní, “Àkànní, ṣé o ti jẹun?” kíá ni yóò gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

Ní ọdún 2014, ìyá mi jáde láyé. A kó ara wa lọ sílé fún ìsìnkú. Àwọn ẹbí yí ọmọ mi ká, wọ́n ń sọ fún un bí màmá ṣe máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà láràárọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí. Nígbà tó di alẹ́, ó bi mí pé, “Dádì, kí ni wọ́n ń sọ fún mi?” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ẹ̀bá ti kọ́ mi.” N kò rí èsì fọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin nígbà náà. Bí a ti padà dé, mo ní Yorùbá ni a ó máa sọ nílé báyìí. Kò rọrùn. Odidi ọdún kan ló fi ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Kíláàsì Sátidé yìí ni a ń mú un wá, nínú òjò, nínú yìnyín. Díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Nígbà tó ṣe ìdánwò GCSE ní 2024, Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe dáadáa jù.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ MODÁKẸ́KẸ́

Ẹnìkan á ní ọmọ méjì nínú ilé kan kò tó ẹ̀rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ọmọ ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìlànà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì yí i sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Fafunwa ní kí àwọn kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ nípa àwùjọ. Wọn kò lé Gẹ̀ẹ́sì jáde o. Tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni wọ́n yàn láti máa kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ní àyè tirẹ̀. Àwọn kíláàsì mìíràn ń bá ìlànà àtijọ́ lọ, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn lórí òṣùwọ̀n, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọn kò rẹ̀yìn níbẹ̀ náà. Ìwé tí wọ́n kọ àbọ̀ ìwádìí náà sí jáde ní 1989, Fafunwa fúnra rẹ̀ sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní 1990.

Ohun tó dùn mí ni pé ọdún 2000 ni tíṣà yẹn gbà mí nímọ̀ràn. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ ní ilé bàbá mi ṣáájú ìgbà yẹn, èmi ni n kò mọ̀.

Ẹlòmíràn á ní Modákẹ́kẹ́ kọ́ ni Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí á rò. Níbí, Gẹ̀ẹ́sì ló yí ọmọ ká: ní kíláàsì, nínú bọ́ọ̀sì, lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́nu ọ̀rẹ́. Ọmọ tó dàgbà níbí kò lè ṣàì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni kò ní ibòmíràn tí yóò ti gbọ́ ọ àfi lẹ́nu wa.

ÀRÍYÀNJIYÀN NÁÀ KÒ TÍÌ TÁN

Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Nílé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ta kò ó. Èmi náà, gẹ́gẹ́ bí oníṣirò, mo fẹ́ béèrè pé: ṣé èdè ló fà á, àbí àìsí ìwé, àìsí tíṣà tó kọ́ṣẹ́, àti ogójì ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kíláàsì kan? Bí ohun mẹ́ta bá jọ gbé owó lọ, a kì í di gbogbo rẹ̀ ru ẹnìkan.

Níbí náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1971, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Grenada, Bernard Coard, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi hàn bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ Káríbíánì lọ sí ilé-ìwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò gbé ẹ̀kọ́. Lára ohun tó tọ́ka sí ni pé èdè àti àṣà àwọn tó ṣe ìdánwò náà kì í ṣe ti ọmọ. Àwọn òbí Káríbíánì kò jókòó sunkún. Wọ́n ṣí ilé-ìwé Sátidé púpọ̀ sí i. Ọ̀nà tí wọ́n là ni àwa náà ń tọ̀ lónìí.

Ní 1975, ìgbìmọ̀ tí Alan Bullock ṣe alága rẹ̀ sọ fún ìjọba pé kò yẹ kí ọmọ bọ́ èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní 1985, ìgbìmọ̀ ti Lord Swann ní èdè wọ̀nyẹn dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ni èdè ni ìtọ́jú rẹ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ ilé-ìwé ìjọba. Ó ká mi lára nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀gá ilé-ìwé náà. Nínú ọmọ márùn-ún ní ilé-ìwé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, bí ọ̀kan ni èdè mìíràn wà nílé wọn. Tíṣà kan tó ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú, tí èdè mẹ́wàá wà láàárín wọn, ibo ni yóò ti rí tíṣà Yorùbá? Bí a bá ti ilẹ̀kùn kíláàsì Sátidé yìí, kò sí ẹlòmíràn tí yóò ṣí i.

Ẹ̀YIN ỌMỌDÉ, Ẹ MÚ BÍRÓ

Wọ́n ní Yorùbá àti ìṣirò kò lè jọ gbé. Ẹ jẹ́ kí á wò ó. 16 ni ẹ́rìndínlógún. Ẹ fetí sí i dáadáa: ogún ni, ó dín mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá pe 16 ní Yorùbá ti ṣe ìyọkúrò kí ó tó pa ẹnu dé.

Ó kù. 46 ni mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àádọ́ta ni, ó dín mẹ́rin. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́ta ni, ó dín mẹ́wàá. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún lọ́nà mẹ́ta. Nítorí náà, 20 × 3 − 10 − 4 = 46. Gbogbo ìyẹn wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ìyá wa ń pè lọ́jà láì lo ìwé. Ẹ wá sọ fún mi: kí ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rin? Ìdáhùn wà lẹ́nu ìyá yín, ẹ lọ bi í.

ÀBÁ TÈMI

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí tó fẹ́ lẹ́sìnnì kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Gbogbo wa la fẹ́ kí ọmọ wa yege. Nítorí náà, mo dábàá mẹ́ta.

Èkíní, kí á pín Sátidé sí méjì: wákàtí kan fún Yorùbá, wákàtí kan fún ìṣirò, kí tíṣà ìṣirò sì máa fi Yorùbá ka òǹkà fún wọn bí mo ṣe ṣe lókè yìí.

Èkejì, bí tíṣà bá ní kí ẹ má sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́, ẹ fi sùúrù béèrè ìdí. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àárín èdè tuntun sábà máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ni. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá pọ̀ jù, tí kò sì sọ̀rọ̀ dáadáa ní Yorùbá náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè fún olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Èdè méjì kì í ṣe àrùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ọmọ rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ṣi Yorùbá sọ. Mo ti rí ọmọ tó kí àgbà níbi òde, tí gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín nítorí ohùn rẹ̀. Ọmọ náà kò tún la ẹnu mọ́ títí a fi lọ sílé.

Ìṣirò mi rèé. Owó tí a ń ná lórí kíláàsì yìí kò ju owó gbọ̀ngàn àti ìwé lọ, àwọn tíṣà wa kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí a ó pàdánù bí a bá tì í, mo ti rí i lójú ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú yẹn, n kò sì mọ iye tí mo lè kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ti di àgbà báyìí. Lóṣù tó kọjá, ó bi mí bóyá kíláàsì Sátidé máa ń gba ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mo ní kó máa bọ̀.

Ẹ má gbàgbé ìpàdé o. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ire ni a ó fi bá ara wa.