Ìbọn Oko fún Àgbẹ̀ tí Èjìká Ń Dùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbómìnà, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Òmù-Àrán, ní Èsìé àti ní gbogbo ìletò tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ẹ mọ̀ pé bí àgbàdo bá ti ń yọ ọmọ, tí iṣu sì ti ń ta, ọ̀yà a máa jẹ oko ẹni lóru, ọ̀bọ a sì máa jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Àgbẹ̀ tí ara rẹ̀ le a gbé ìbọn, a sì lọ ṣọ́ oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí làkúrègbé ti mú ní èjìká ṣe? Kí ni kí ẹni tí àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ti ba oríkèé apá rẹ̀ jẹ́ ṣe, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ẹni bẹ́ẹ̀ ní oko, ó ní ọmọ tí yóò jẹun, ọ̀yà kì í sì í béèrè ìlera olóko kí ó tó wọ oko.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fún un ni pé kí ó wá ìbọn kúkúrú tí ó fúyẹ́. Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìlàjì rẹ̀ ni òtítọ́. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná nínú ìbọn, agbára tí ó ti ọta síwájú náà ni ó ti ìbọn sẹ́yìn, èjìká ni ó sì ń gbà á. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí ìgbá náà yóò ti le tó: ìwúwo ọta, bí ọta ti ń sáré tó, àti ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀. Ìbọn tí ó wúwo kì í tètè sún kúrò lójú kan. Èyí tí ó fúyẹ́ ni ó ń fò bí ewúrẹ́ tí a já okùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ìbọn méjì tí ń yin ọta kan náà, kí ọ̀kan wọ̀n tó kílò 3, kí èkejì sì wọ̀n tó kílò 2 àbọ̀. Agbára tí èyí tí ó fúyẹ́ yóò fi gbá èjìká yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ti èkejì lọ. Ìbọn kúkúrú kò sì dára fún etí. Nítorí pé ẹnu rẹ̀ súnmọ́ ẹni tí ń yìn ín, ariwo rẹ̀ a máa le ju ti ìbọn gígùn lọ, etí tí ariwo ìbọn bá sì ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ máa fi ohun dí etí yín kí ẹ tó yìnbọn, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè irú ìbọn tí ẹ ó rà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí àìsàn náà ti ń dá yín dúró. Ṣé nígbà tí ohun kan bá gbá èjìká ni ìrora ń dé, àbí nígbà tí ẹ bá ń gbé ohun wíwúwo sókè? Ìdáhùn méjèèjì kò já sí ìbọn kan náà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò.

Ẹni tí apá rẹ̀ lágbára láti gbé nǹkan, ṣùgbọ́n tí egungun èjìká rẹ̀ kò fẹ́ kí a gbá òun, ìbọn tí ó wúwo díẹ̀ ni ó yẹ ẹ́, pẹ̀lú kátíríìjì tí kò le. Ẹni tí apá rẹ̀ ti rọ, bóyá nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí àrùn rọpárọsẹ̀, kò lè gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dúró; bí ó bá gbé e, ẹnu ìbọn yóò máa rì wálẹ̀ títí yóò fi kọjú sí ibi tí kò yẹ. Ìbọn tí ó fúyẹ́ ni tirẹ̀, kátíríìjì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Kí ó gé igi kan tí ó ya ẹ̀ka méjì lórí, kí ó rì í mọ́lẹ̀ ní ibi tí ó ń ṣọ́, kí ó sì gbé ìbọn lé àárín ẹ̀ka náà. Igi yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì sàn ju ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi owó rà lọ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán ara yín wò láìtíì fọwọ́ kan ìbọn. Ẹ gé ọ̀pá kan tí ó gùn tó ìbọn, ẹ so òkúta mọ́ ọn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín títí yóò fi pé kílò 3. Ẹ gbé e lé èjìká bí ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn, ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún gbé e, ní ìgbà mẹ́wàá. Bí apá bá ń gbọ̀n kí ẹ tó ka ogún ní ìgbà kẹta, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ìbọn oníkátíríìjì tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa ni èyí tí a ń pè ní nọ́ńbà 12. Ẹ má ṣe rò pé bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni ìbọn ti ń tóbi tó, òdì-kejì ni. Nọ́ńbà náà ń sọ iye ọta òjé róbótó tí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò ìbọn tí yóò pé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Méjìlá ni ti ìbọn tí ihò rẹ̀ tóbi, ogún ni ti èyí tí ihò rẹ̀ kéré sí i. Ẹlòmíràn yóò wí pé kí aláìlera kúkú ra nọ́ńbà 20 kí ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbọn 20 sábà máa ń fúyẹ́ ju ìbọn 12 lọ, bí a bá sì fi kátíríìjì líle sínú rẹ̀, ohun tí a sá fún náà ni a tún sá bá.

Inú kátíríìjì gan-an ni ìrànlọ́wọ́ wà. Kátíríìjì 12 kan lè ru ọta gíráàmù 36, òmíràn sì lè ru gíráàmù 24. Bí ìbọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ọta méjèèjì sì ń sáré bákan náà, ìgbá tí kátíríìjì kejì yóò gbá èjìká yóò súnmọ́ ìlàjì ti àkọ́kọ́. A máa ń kọ iye gíráàmù sára páálí. Ẹ kà á, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tí ó mọ̀wé kà á fún yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní sùúrù kí ọ̀yà súnmọ́ yín dáadáa, gíráàmù 24 tó o. Ẹ tún wo ìdí ìbọn. Bí àlàfo bá wà láàárín ìdí ìbọn àti èjìká, ìbọn yóò sáré kọjá àlàfo náà kí ó tó gbá yín, èyí ni ó sì ń dá egbò sí èjìká. Ẹ fi ìdí rẹ̀ mọ́ èjìká ṣinṣin. Rọ́bà tí ó nípọn tí a kàn mọ́ ìdí ìbọn yóò dín ìrora náà kù, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ìdí ìbọn di gígùn jù, kí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ náà gé igi ìdí rẹ̀ díẹ̀.

Ní ti ìbọn ṣakabùlà, èyí tí òyìnbó ń pè ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò ará Denmark tí wọ́n ń tà á ní etíkun wa láyé àtijọ́, a kò lè gba aláìlera nímọ̀ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni a fi ń wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wúwo lónìí, ìgbá òní yóò ju ti àná lọ, kò sì sí páálí kankan tí a lè kà. Òmíràn wà tí alágbẹ̀dẹ fi irin páìpù omi ṣe. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, páìpù náà a bẹ́ mọ́ oníbọn lójú. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò rò. Ẹni tí èjìká ọ̀tún ń dùn a máa fẹ́ gbé ìbọn lọ sí èjìká òsì. Apá ọ̀tún ìbọn ni a sábà máa ń fi ohun tí ń ta iná sí, nítorí náà bí a bá gbé ìbọn bẹ́ẹ̀ sí èjìká òsì, iwájú ojú ẹni gan-an ni iná àti èéfín yóò ti máa tú jáde.

Ẹ̀yin kan ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì lè sọ fún yín pé níbẹ̀, ẹni tí èjìká ń dùn a máa ra káábáìnì, ìyẹn ìbọn kúkúrú tí ń yin ọta 9 mm, nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbáni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ ní ti ìgbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ka ìbọn ológun tí ń yin ọta 7.62 mm, 9 mm àti .300 mọ́ àwọn ohun èèwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ, ó sì ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ wọn. Káábáìnì tí ó fara jọ wọn lè gbé àgbẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ, oko tí ó ń ṣọ́ yóò sì di igbó. Ohun tí òfin gbà fún àgbẹ̀, bí ó bá rí ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá Ọlọ́pàá, ni ìbọn oníkátíríìjì tí kì í fúnra rẹ̀ ki ọta, ìbọn ọlọ́ta kan tí a fi ń ṣọdẹ, àti ìbọn atẹ́gùn. Ìbọn ṣakabùlà pàápàá kò bọ́ lábẹ́ òfin náà.

Láàárín àwọn tí òfin gbà, ìbọn .22 ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá èjìká rárá. A kò sì gbà yín níyànjú láti fi ṣọ́ oko iṣu. Ọta rẹ̀ ẹyọ kan lè rìn ju kílómítà 2 lọ bí kò bá kọlu nǹkan kan, nígbà tí oko wa àti ọ̀nà oko ẹlòmíràn kò jìnnà síra, tí àwọn obìnrin ń ṣẹ́gi, tí àwọn ọmọdé ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ìbọn atẹ́gùn tó fún ẹyẹ ẹ̀gà àti ọ̀kẹ́rẹ́. Kò tó fún ọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ ojú kù. Àrùn glaucoma, tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, a máa jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, láìsí ìrora. Àrùn ìfọ́jú etí odò, tí eṣinṣin kékeré dúdú ń gbé kiri, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Merck fi ṣèlérí ní ọdún 1987 pé òun yóò máa fi oògùn Mectizan tọrẹ, ẹ má sì ṣe kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá gbé e dé ìletò yín. Ẹni tí irú àrùn yìí ń ṣe lè rí ọ̀yà tí ó wà níwájú rẹ̀ kedere, kí ó má sì rí ọmọ tí ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Òfin kan náà tí a dárúkọ lókè sọ pé a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Àwa fi kún un láti inú iṣẹ́ wa: ẹni tí wárápá ń gbé, ẹni tí oògùn tí ó ń lò ń mú kí ó tòògbé, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí ojú rẹ̀ ṣú lójijì, kí wọ́n má ṣe gbé ìbọn. Kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lójú tàbí ní àyà béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bákan náà ni ti ẹni tí ó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde: ẹ̀jẹ̀ tí kò dé orí egungun apá dáadáa a máa mú kí egungun náà kú díẹ̀díẹ̀ nínú èjìká, kí ó sì wó. Kí ó lọ ya àwòrán egungun náà kí ó tó ra ohunkóhun. Bí dókítà bá sọ pé egungun ti ń wó, kò sí kátíríìjì tí ó fúyẹ́ tó fún un.

Ẹni bẹ́ẹ̀ kò pàdánù oko rẹ̀. Ọ̀yà kì í fẹ́ la gbangba kọjá. Bí a bá ro àyíká oko mọ́ tónítóní, kí ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ márùn-ún, tí a sì gé koríko tí ó ga ní etí odò tí ó wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ọ̀yà yóò yà síbòmíràn. Ọgbà wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ fún ẹnì kan. Níhìn-ín ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wúlò. Kí ẹgbẹ́ ra wáyà ní ìdìpọ̀, kí a sì kọ́kọ́ yí oko àwọn aláìlera ká. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta tí ìwà wọn tutù, tí wọ́n ní ìwé àṣẹ tiwọn, láti máa ṣọ́ oko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kiri. Kí olóko máa san kátíríìjì, kí ẹran jẹ́ ti ọdẹ. Ẹ kọ àdéhùn náà sínú ìwé ẹgbẹ́ kí iṣu tó ta, nítorí pé lẹ́yìn tí ọ̀yà bá ti wọlé, kò sí ẹni tí yóò fi ọkàn tútù ṣe àdéhùn.

Ẹni tí ó bá sì rí i pé ìbọn yẹ òun, kí ó kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti béèrè bóyá wọ́n ń fúnni ní ìwé àṣẹ ní àkókò náà, kí ó tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá olùtajà tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó gbé ìbọn òfìfo lé èjìká níbẹ̀, kí ó sì ka ogún gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe pẹ̀lú ọ̀pá.