Ọjọ́ àṣà parí ní yunifásítì, wọ́n ká agbádá sínú àpótí: Ẹ̀tọ́ ńkọ́?

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò jẹ́rìí sí i pé àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tọ̀lẹ. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta (600), wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà kí èèyàn má baà dákú. Bí bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá já wọn sísàlẹ̀ òkè náà, ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wòran. Ọmọ Ìbò á máa fa ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, ọmọ Edó á gba báàgì ọmọ Hausa gbé, ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn á máa pariwo pé kí wọ́n dúró de òun. Tí wọ́n bá wá dókè, tí wọ́n rí ààfin àtijọ́, ilé-ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ táwọn baba ńlá Ìdànrè lò kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, gbogbo wọn á jọ ya fọ́tò. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé, "Ìpínlẹ̀ wo ni bàbá ẹ ti wá?"

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n padà dé kámpọ́ọ̀sì. Fọ́ọ̀mù á yọjú, àyè kan á sì wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti ní kó o kọ ìpínlẹ̀ tó o ti wá àti ìjọba ìbílẹ̀ ẹ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Ohun tá a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, torí pé ariwo ìṣọ̀kan tí wọ́n ń pa ní yunifásítì pọ̀, ijó ibẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ̀tọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé e ò tó nǹkan.

IJÓ DÙN, A Ò NÍ KÍ WỌ́N MÁ JÓ

Ẹni tó bá gbé kámpọ́ọ̀sì rí mọ bí ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí. Ọjọ́ kan wà fún bọ́ọ̀lù, ọjọ́ kan wà fún àríyànjiyàn, ọjọ́ kan wà fún jíǹsì, ọjọ́ kan sì wà fún aṣọ ìbílẹ̀, kí wọ́n tó wá fi àsè alẹ́ kádìí ẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ aṣọ ìbílẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń dùn jù. Ọmọ Ìbò á dé fìlà pupa, ọmọ Edó á kó iyùn sọ́rùn, ọmọ Hausa á gbé bàbáńrígà wọ̀, ọmọ Yorùbá á yọ agbádá tí bàbá ẹ̀ fi ṣègbéyàwó, á máa ká apá ẹ̀ sókè bíi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Àwọn mìíràn á tún pààrọ̀ aṣọ, kí ọmọ Ìbàdàn máa ṣe bí ọmọ Kánò. Súyà ń jà níhìn-ín, àmàlà ń jà lọ́hùn-ún, ọbẹ̀ ewúro àwọn Ìbò ò sì ní í gbẹ́yìn.

Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ tí kò kúrò ládùúgbò bàbá ẹ̀ rí, tó jẹ́ pé inú sinimá nìkan ló ti mọ ẹ̀yà mìíràn, ọjọ́ yẹn ló máa mọ̀ pé èèyàn bíi tòun náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tó di mọ̀lẹ́bí, ọ̀pọ̀ ọkọ àti aya tó ti inú ẹ̀yà méjì wá, irú ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé.

Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n ti ká aṣọ sínú àpótí, kí ló kù? Bí wọ́n bá ń rẹ́ ọmọ Ìbò yẹn jẹ lọ́la, ṣé ọmọ Yorùbá tó wọ aṣọ ẹ̀ lánàá máa bá a dá sí i? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá lọ sì ti fi ẹ̀mí wọn dá wa lóhùn.

OÚNJẸ LÓ DÁ A SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ilé oúnjẹ ní họ́ọ̀lù tí wọ́n fi orúkọ Nnamdi Azikiwe pè ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i o, ọkùnrin Ìbò ni Azikiwe, ìlú Ìbàdàn ni họ́ọ̀lù wà, ogun abẹ́lé ò sì tíì parí ju ọdún kan lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ẹ̀yà ta lebi ń pa. Wọ́n jọ tú jáde ni. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, ìbọn sì ba Kúnlé Adépéjù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Kazeem. Títí dòní, orúkọ Adépéjù ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kọjá odi ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1976, ọlọ́pàá àwọn òyìnbó amúnisìn pa àwọn ọmọléèwé ní Soweto, ní South Africa, torí pé wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn. Ìjọba ilẹ̀ wa dá àpò owó kan sílẹ̀ láti ran àwọn ará South Africa lọ́wọ́, wọ́n gé díẹ̀ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìyẹn làwọn kan ń pè ní owó orí Mandela. Ṣé ẹ mọ ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe? Àwọn tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ò tó wọn náà, wọ́n fi oúnjẹ ọ̀sán wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè dá owó sí i. Wọn ò rí Soweto rí. Wọn ò gbọ́ èdè ibẹ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ náà ò dáa ni. Ẹ̀yin èèyàn wa, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ júwe ìṣọ̀kan, èwo lẹ máa mú nínú kéèyàn wọ aṣọ ẹlòmíràn àti kéèyàn febi pa ara ẹ̀ nítorí ẹlòmíràn?

Kò pẹ́ náà tó fi di 1978. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi kún owó oúnjẹ àti owó yàrá ní yunifásítì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pariwo pé kí Ali máa lọ. Ṣẹ́gun Òkéowó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ló jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ilẹ̀ wa. Ìbọn dún l'Ékòó, ó pa Akíntúndé Òjó. Ìbọn dún ní Zaria náà, akẹ́kọ̀ọ́ kú níbẹ̀. Ẹ wò ó bí: ọmọ Yorùbá ló ń ṣáájú, ọmọ Hausa ń bá wọn ṣèwọ́de ní Zaria, ẹni tí wọ́n sì ní kó lọ, gbogbo àwọn tó ń pariwo ẹ̀ ò wo ibi tó ti wá. Kọmíṣánnà ni wọ́n rí, wọn ò rí ẹ̀yà ẹ̀. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ wọn, wọ́n lé Òkéowó kúrò níléèwé, Ifẹ̀ ló ti padà parí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n dá NANS sílẹ̀ rọ́pò ẹgbẹ́ tí wọ́n pa.

ÒRU ỌJỌ́ BURÚKÚ NÍ IFẸ̀

Èyí tó dùn wá jù ni ti Ifẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan ṣáájú oṣù keje ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti fọwọ́ ara wọn mú àwọn kan tí wọ́n fura sí pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n, pẹ̀lú nǹkan ìjà. Wọ́n fà wọ́n lé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Nígbà tó di òru mọ́jú ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, àwọn agbébọn ya wọ họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀, wọ́n ń wá àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kiri. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà rí ọ̀nà sá lọ. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́, táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pè ní Afrika, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, kò rí ọ̀nà. Wọ́n pa á. Wọ́n pa Yẹmí Ajítẹ̀rù, wọ́n pa Túndé Òkè, wọ́n pa Efe Ekpede, wọ́n pa Eviano Ekelemu. Àwọn márùn-ún ni.

Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ẹni tó yìnbọn ò bèèrè ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, àwọn tó sunkún wọn náà ò bèèrè. Àwọn kan tí wọ́n gbé lọ sílé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà gba ìdásílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrántí ọjọ́ kẹwàá oṣù keje fi di ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ń ṣe: àbẹ́là ni wọ́n ń tàn, orúkọ òkú ni wọ́n ń pè, ìdájọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí agbádá. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ àṣà tó so ọmọ ẹ̀yà púpọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

ỌMỌ TÍ WỌ́N BÍ SÍ ÌDÀNRÈ

Bó ṣe rí nígbà ìbọn nìyẹn. Ìyà tòde òní kì í sábà dún gbàù, inú fọ́ọ̀mù ló máa ń wà. Ẹ jẹ́ ká tún padà sí Ìdànrè ká lè rí i dáadáa. Ìlú kòkó ni Ìdànrè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀, tí wọ́n ń ká kòkó, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá: Ìgbìrà wà, Ìgèdè láti Benue wà, Ìbò wà. Ọmọ wọn ń bá ọmọ onílẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, á sì máa sọ èdè Ìdànrè bíi ẹni tí wọ́n bí sí orí òkè.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Ìgèdè kan, tí wọ́n bí sí Ìdànrè, tó kàwé níbẹ̀, tó yege ìdánwò JAMB. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tí wọ́n ń lò ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 á wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ọmọ agbègbè tó sún mọ́ yunifásítì náà, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ìdànrè ò jìnnà sí Àkúrẹ́, níbi tí FUTA ti wà láti 1981. Àmọ́ ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ agbègbè nínú ìwé. Benue ni wọ́n kọ fún un, Benue tí kò gbé rí! Àyè ogún yẹn lè ràn án lọ́wọ́ o, torí Benue wà nínú ẹ̀. Tó bá wá lọ sí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn nílẹ̀ wa, owó tí ọmọ onílẹ̀ ń san kọ́ ni àlejò ń san. Bàbá ẹ̀ ti fi ogún ọdún ro oko kòkó tó ń mówó wọlé fún ìpínlẹ̀ náà, òun ló máa sanwó àlejò.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Oǹdó nìkan ni. Ọmọ Ìdànrè tí wọ́n bí sí Jos tàbí Makurdi, àlejò lòun náà lọ́hùn-ún. Ohun tá à ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn níbí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tiwa níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 42, sọ pé a ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà kankan nítorí ẹ̀yà ẹ̀ tàbí ibi tó ti wá. Òfin wà nínú ìwé, fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì.

Ẹ ò wá rí i pé ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa gbé sórí ìtàgé lọ́jọ́ àṣà pọ̀? Òun náà ni ti àwọn ọmọbìnrin tí olùkọ́ ń fi máàkì halẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Ifẹ̀ gba ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ lórí fóònù, ayé gbọ́ ọ, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Óṣogbo sì rán ọ̀jọ̀gbọ́n náà lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Kì í ṣe ẹ̀yà kan ló ni irú ìyà yẹn. Ọmọ gbogbo wa ló ń jẹ ẹ́.

KÍ LÓ WÁ YẸ KÍ WỌ́N ṢE?

A ò ní kí wọ́n fagi lé ọjọ́ àṣà. Kí wọ́n jó, kí wọ́n jẹ súyà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ẹ̀. Kí ọmọ àlejò jáde wá sọ iye tó ń san àti iye tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń san. Kí ẹni tí olùkọ́ ń dà láàmú mọ ẹni tó lè lọ bá láì bẹ̀rù. Kí wọ́n pe àwọn ọ̀gá yunifásítì síbẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n wá gba àmì ẹ̀yẹ, bí kò ṣe kí wọ́n wá dáhùn. Kí wọ́n ka orúkọ Adépéjù, Òjó, Iwilade àti àwọn yòókù sétí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n kàn kó jọ fún fọ́tò ò lè sọ àyà kankan.

Àwa òbí náà ní tiwa níbẹ̀. Bí ọmọ wa bá délé tó ní àwọn fẹ́ bá ọ̀rẹ́ àwọn tó jẹ́ ọmọ Ìgbìrà tàbí ọmọ Ìbò bèèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀, a máa ń sọ pé, "Ṣé ìwọ ni wọ́n rán níṣẹ́? Ṣáà kàwé ẹ." Ìbẹ̀rù ló ń sọ ọ́, a mọ̀, torí a ti rí òkú ọmọ ọlọ́mọ. Kí wọ́n má ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n má gbé òkúta, kí wọ́n fi ìwé àti ẹnu jà. Ṣùgbọ́n ká má kọ́ wọn láti máa wo ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ níran.

Kò sẹ́ni tó ń wọ agbádá gun Òkè Ìdànrè. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, oníkálùkù ló ń dá rìn. Ibi tó bá ti le, tí èémí bá ń já, tí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fà ọ́ níbẹ̀, o ò ní í gbàgbé ẹ̀ mọ́.