Ìkẹ́kọ̀ọ́ Ìhìn Rere: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Gbọ́ Ọ Ná

Bí ìjọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì sílẹ̀, àga kì í tó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn kan kò wá mọ́. Àwọn tó kù yóò ní òjò ni, tàbí pé ọjà ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí a kì í sábà sọ síta. Olùdarí ti ní kí kálukú máa ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan yípo, ó sì ku ẹni méjì kí ó kan ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé kà. Ìyá ní òun gbàgbé gíláàsì òun sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbàgbé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó sílé.

Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé Ìhìn Rere Máàkù ló yẹ kí ẹgbẹ́ tuntun fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi etí gbọ́ ọ kí wọ́n tó fi ojú kà á. Orí 16 péré ló ní. Òun ló kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òǹkàwé tó já gaara lè kà á sókè tán ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹ yan ẹni méjì tí ohùn wọn dùn létí, kí wọ́n máa gbà á kà lọ́wọ́ ara wọn, kí àwọn yòókù pa ìwé dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe àlàyé kankan lálẹ́ ọjọ́ náà, títí kan pásítọ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ṣe bá a pàdé náà nìyẹn, nítorí ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀wé kà ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní.

Máàkù dùn-ún gbọ́. Kò sọ̀rọ̀ ìbí Jésù, kò to orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀; kí orí kìn-ín-ní tó dé ìdajì, Jésù ti ṣe ìrìbọmi, ó sì ti pe apẹja mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀ jẹ yọ níbẹ̀ ju ìgbà 40 lọ. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé náà mọ ibi tó ti yẹ kí òun dúró. Nínú orí karùn-ún, Jáírù, ọ̀kan nínú àwọn olórí sínágọ́gù, ń bẹ Jésù kó wá wo ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 12, tó wà lójú ikú. Lójú ọ̀nà, obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 fọwọ́ kan aṣọ Jésù, Jésù sì dúró. Obìnrin yìí ti ná gbogbo ohun tó ní sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, àìsàn náà sì ń le sí i ni. Bàbá ọmọ ń wò. Ìyá tó ti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lóru rí, tó jókòó tó ń retí dókítà, ló lè sọ ohun tó ń lọ nínú bàbá náà. Bí olùdarí bá lè pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan, yóò gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Odidi Bíbélì Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀ jáde ní 1884. Èdè rẹ̀ jinlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka Bíbélì Òyìnbó lórí fóònù kì í sì í mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Kí wọ́n bi àwọn àgbà. Kí àwọn náà fi ibi tí adágún Gálílì wà lórí àwòrán ilẹ̀ han àwọn àgbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, bí òwe náà tilẹ̀ dàgbà ju ìjọ wa lọ. Crowther fúnra rẹ̀ kò tètè mọ̀wé: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Freetown ló sì ti kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́, orí kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ pín orí 14 sí méjì, ẹsẹ 72 ló ní. Ìbéèrè kan náà tó láti máa fi ṣí ọ̀rọ̀: kí lẹ gbọ́ tó yà yín lẹ́nu? Kò sẹ́ni tó nílò ìwé láti dáhùn rẹ̀.

Ẹ tètè sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì méjì tó ti ọ̀rúndún kẹrin wá parí ìwé yìí sí orí 16, ẹsẹ 8, níbi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò níbi ibojì, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan yóò rí i lórí fóònù rẹ̀. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu olùdarí. Ní tèmi, odidi alẹ́ kan ni n óò yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ yẹn, àwọn ìyá ni n óò sì kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó lè mú kí obìnrin rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó sì dákẹ́.