Ẹ ń lọ sí odò Gurara? Ẹ ka èyí kí ẹ tó bọ́ bàtà

Bí ẹ bá ń gbé Abuja, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pè yín rí pé kí ẹ jọ lọ sí Gurara lọ́jọ́ Sátidé. Ojú ọ̀nà Suleja sí Minna ló wà, ní ìpínlẹ̀ Niger, nílẹ̀ àwọn Gbagyi. Odò náà ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bíi mítà 30. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè nílò irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ju oògùn ara ríro lọ.

Lásìkò òjò, omi ibẹ̀ máa ń kún, ariwo rẹ̀ nìkan ti tó láti lé èèyàn sẹ́yìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ká ṣọ́ra fún nǹkan mìíràn. Omi á fà, àpáta á yọ, àwọn ibi kan á wà nísàlẹ̀ tí omi ti dúró jẹ́ẹ́, tí kò jìn. Ibẹ̀ làwọn òbí máa ń ní kí àwọn ọmọ ti ṣeré. Bẹ́ẹ̀, irú ibi bẹ́ẹ̀ létí odò wa ni ìgbín omi tó ń gbé aràn àtọ̀sí ajá fẹ́ràn jù. Àìsàn yìí làwọn dókítà ń pè ní schistosomiasis, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti pọ̀ jù lágbàáyé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni tó ní aràn náà tọ̀ tàbí ṣu sínú omi. Ẹyin aràn pa, ọmọ rẹ̀ wọnú ìgbín, ó di púpọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbín á máa tú wọn sómi, ojú lásán kò sì lè rí wọn. Oòrùn ọ̀sán ló ń mú wọn jáde, ìyẹn àsìkò tí ẹ̀yin náà ń wẹ̀ gan-an. Wọn kò nílò ojú egbò. Awọ ara tó dá ṣáká ni wọ́n ń gbà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kò tíì mu ún o, ẹsẹ̀ lásán ni ẹ kì bọ̀ ọ́.

Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ kí ibà, ikọ́ àti ara yíyún tó dé, ẹ ó sì ti gbàgbé Gurara. Ẹ ó ra oògùn ibà, ẹ ó tún ra ti táífọ́ọ̀dù. Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà lára yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wẹ̀ lódò. Gbólóhùn kan yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìnáwó.

Tó bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìtọ̀. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n gbà pé ọmọkùnrin ló ń dàgbà. Ti obìnrin tún le jù, torí ẹyin aràn lè há sí ojú ara, kó máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ọkọ á ní ìyàwó òun ti kó àrùn níta, nígbà tó jẹ́ pé odò ni wọ́n ti kó o.

Ẹ má sáré ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, kò ní hàn. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ sì gbé ìtọ̀ tí ẹ tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán lọ, torí ìgbà yẹn ni ẹyin máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, bí èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Kì í pa aràn tó ṣì kéré, nítorí náà, ẹni tó lò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó wẹ̀ kàn náwó lásán ni.

Ní ti ibi tí omi ti ń sáré, kòkòrò dúdú kékeré tó ń fa ojú fífọ́ máa ń pamọ síbẹ̀. Ọ̀sán ló ń jẹni. Ìjẹ ọjọ́ kan kì í sábà fọ́ ojú ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń gbé létí odò ló ń jìyà rẹ̀, àmọ́ ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.

Ẹ jókòó lórí àpáta, ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹun. Bí ẹ bá máa kọjá nínú omi, ẹ wọ bàtà òjò. Fífi tówẹ̀lì nura kíákíá kò tó gbára lé. Bí ìtọ̀ bá sì gbọ̀n yín, ẹ wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, ẹ má tọ̀ sódò.