Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ó Ń Yí Ẹjọ́ Padà

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Bí ti ẹnu bá rí bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ni ti ìwé tí a ti fi ọwọ́ sí!

Ní àdúgbò wa ní Aláúsá, nítòsí Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í wọ́n. Opó kan bẹ̀ mí láti wo ìwé tí ọmọ rẹ̀ bá a kọ lórí ọ̀ràn owó ilé. Ohun tí ìyá náà wí ni pé, “Mo san owó ilé fún onílé.” Ọmọ náà kọ ọ́ báyìí: “I paid the rent for the landlord.” Ìtumọ̀ èyí ni pé ìyá náà bá onílé san owó tí onílé fúnra rẹ̀ jẹ ẹlòmíràn! Díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ náà kì í ṣe òpè. “Fún” tiwa ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Òyìnbó yà wọ́n sọ́tọ̀: “to” ń tọ́ka sí ẹni tí owó bọ́ sí lọ́wọ́; “for” ń tọ́ka sí ẹni tí a torí rẹ̀ san án, tàbí ohun tí a fi owó náà rà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “ní” wa rí. Òyìnbó a wí pé “at the Secretariat”, “on Obafemi Awolowo Way”, “in Ikeja”: “at” fún ibi kan pàtó, “on” fún ojú títì, “in” fún ìlú tí ó yí wa ká. “Ní” nìkan tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dọ̀ wa.

Ẹ ṣọ́ra nípa ọjọ́ pẹ̀lú. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀wé pé “submit it by Friday”, ọjọ́ Ẹtì ni òpin. Ẹ lè mú un wá ní ọjọ́ Ajé. Bí ó bá jẹ́ “on Friday”, ọjọ́ náà gan-an ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé, ẹ bi ara yín pé: ta ni ó gbà á? Nítorí ta ni? Ní ọjọ́ wo gan-an?

Ọmọ opó náà rẹ́rìn-ín, ó pa “for” rẹ́, ó kọ “to”. Lẹ́tà mẹ́ta jáde, méjì wọlé. Ẹ̀rí ìyá rẹ̀ sì dúró.